Bí Ẹ̀dá Titun Ṣe Ń Gòkè: Ìtàn Ìpele Nínú Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí World of Warcraft jáde ní 2004, ẹni tó bá dá ẹ̀dá titun nínú ìran ènìyàn yóò bá a níwájú ilé àwọn àlùfáà kan tó ń jẹ́ Northshire. Aṣọ ọrùn rẹ̀ kò níláárí, ohun ìjà ọwọ́ rẹ̀ kò mú, ìpele 1 ló sì wà. Ọ̀gágun McBride ń bẹ nínú ilé náà, àmì ìyanu aláwọ̀ ìyeyè ń tàn lókè orí rẹ̀. Òun ló ń rán àlejò náà pé kó lọ pa àwọn kobold, iwin kúkúrú tó ń gbé àbẹ́là sórí, tí wọ́n ń da àdúgbò láàmú. Ẹni tó bá jẹ́ iṣẹ́ náà yóò gba póìntì ìrírí. Bí póìntì bá pé 400, ìmọ́lẹ̀ wúrà á bo ẹ̀dá náà, ó ti dé ìpele 2 nìyẹn. Láti ibẹ̀ dé ìpele 3, 900 ni. Láti ìpele 59 dé 60, tó jẹ́ òkè téńté nígbà náà, ó lé ní 200,000.

Iṣẹ́, póìntì, ìpele, agbára titun, iṣẹ́ tó le ju ti àná lọ: bí ọ̀pọ̀ géèmù tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń gbé ẹ̀dá gòkè nìyẹn. Àṣà náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìpele fúnra rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ látìgbà yẹn. Ohun tí àwọn tó ń ṣe géèmù kò yéé yí padà ni iye àsìkò tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ eléré kí wọ́n tó gbé e ga, àti ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹni tó bá ṣubú lọ́nà.

Orí tábìlì ló ti bẹ̀rẹ̀

Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin àti Minnesota ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó fẹ́ràn láti máa fi ère ọmọ ogun kéékèèké jagun lórí tábìlì. Ní 1971, Gary Gygax àti Jeff Perren gbé ìwé òfin kan jáde fún irú eré bẹ́ẹ̀, wọ́n pè é ní Chainmail. Nínú rẹ̀, akọni kan ń jà bí ènìyàn mẹ́rin, àgbà akọni ń jà bí ènìyàn mẹ́jọ. Dave Arneson ń darí eré tirẹ̀ tó sọ ní Blackmoor. Òun fẹ́ kí ẹ̀dá tí ènìyàn ń lò wà láàyè láti ìjókòó kan dé òmíràn, kó sì máa lágbára sí i bó ṣe ń la ewu kọjá. Nígbà tí òun àti Gygax fi máa gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974, èrò yẹn ti di òfin. Jagunjagun titun nílò póìntì 2,000 kó tó dé ìpele 2, 4,000 fún ìpele 3, 8,000 fún ìpele 4. Ìpele 4 yìí ni wọ́n sọ ní akọni, wọ́n sì sọ ìpele 8 ní àgbà akọni. Ènìyàn mẹ́rin àti mẹ́jọ inú Chainmail ló gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

Ìjà nìkan kọ́ ló ń fúnni ní póìntì. Wúrà tí ẹ̀dá bá gbé jáde nínú ihò ilẹ̀ ní póìntì tirẹ̀, ẹyọ kan sí póìntì kan. Ọlọ́gbọ́n eléré á kúkú yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọjá lẹ́yìn ẹranko abàmì tó ń sùn, á gbé ìṣúra rẹ̀ lọ, dípò kó jí i sí ìjà. Ohun tí géèmù bá ń san póìntì lé lórí ni àwọn eléré máa ń ṣe, òfin yìí kò sì tíì yí padà dòní.

Oṣó Essex, ogún Copenhagen

Ní 1975, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo ẹ̀rọ PLATO ti Yunifásítì Illinois ti ń kọ ihò ilẹ̀ àti ìpele sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ayé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ wọ̀ nígbà kan náà, Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti gbilẹ̀. Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ MUD níbẹ̀ ní 1978, Richard Bartle sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1980. Kò ní àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ ni géèmù fi ń ṣàpèjúwe ibi tí o wà, ọ̀rọ̀ náà ni ìwọ náà á tẹ̀ láti rìn, láti jà tàbí láti mú nǹkan.

Bí ẹ̀dá bá rí ìṣúra nínú MUD, inú irà ló ń lọ jù ú sí kó tó di póìntì. Ẹni tó bá kó póìntì débi tó ga jù á di oṣó, bó bá jẹ́ obìnrin á di àjẹ́. Ipò náà ní agbára gidi nínú: oṣó lè dá sí ọ̀rọ̀ àwọn eléré yòókù, ó sì lè yí ayé náà padà bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá pa lójú ìjà, orúkọ rẹ̀ pa rẹ́ pátápátá, ìpele 1 ló ti máa tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1996, Bartle kọ àpilẹ̀kọ kan tó pín àwọn eléré sí oríṣi mẹ́rin. Àwọn tí inú wọn ń dùn sí póìntì àti ìpele wà nínú wọn, àmọ́ wọ́n kàn jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Àwọn kan wá ṣàwárí, àwọn kan wá ṣe ọ̀rẹ́, àwọn kan wá da ẹlòmíràn láàmú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Yunifásítì Copenhagen ní Denmark ló fi ìpele sí àárín gbùngbùn nǹkan. DikuMUD tí wọ́n gbé jáde ní 1991 dá lé pípa ẹran abàmì, gbígba póìntì, àti gbígòkè. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀, ó sì tàn ká àwọn yunifásítì. Ìwà rẹ̀ hàn lára géèmù kan tó ń jẹ́ EverQuest débi pé ní 2000, àwọn tó ṣe EverQuest ní láti búra lábẹ́ òfin pé àwọn kò jí kóòdù DikuMUD lò.

Ọ̀nà tó le jù

EverQuest jáde ní March 1999 láti ìlú San Diego, pẹ̀lú àwòrán 3D àti ìpele 50. Àwọn eléré máa ń dá ẹgbẹ́ ẹni mẹ́fà, wọ́n á jókòó sójú kan, ẹnì kan á lọ fa ẹran abàmì wá, gbogbo wọn á sì pa á. Lẹ́yìn náà wọ́n á dúró kí òmíràn hù jáde. Níbi tí póìntì bá ti pọ̀, àwọn ènìyàn ń kọ orúkọ sílẹ̀ láti dúró de àyè.

Ikú ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ̀dá tó bá kú yóò pàdánù póìntì, ó tilẹ̀ lè já sí ìpele tó wà lábẹ́. Òkú rẹ̀ á wà níbi tó ti ṣubú, gbogbo ẹrù rẹ̀ á sì wà lára òkú náà. Ẹ̀dá náà á jí ní ibòmíràn láìní nǹkan lọ́wọ́, á sì ní láti padà gba inú ewu kan náà lọ kó ẹrù rẹ̀. Ìṣirò tún ní ìyà tirẹ̀. Póìntì tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń béèrè jẹ́ àpapọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ìpele bíi 30, 35, 40 àti 45, wọ́n sì ń sọ àpapọ̀ náà di púpọ̀ sí i. Nítorí pé àfikún náà kan gbogbo ohun tó ti wà láti ìpele 1, ńṣe ni eléré ń san gbèsè gbogbo ìpele tó ti kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn eléré sọ wọ́n ní ìpele ọ̀run àpáàdì.

Àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn. Ultima Online tó jáde ní 1997 kò ní ìpele rárá. Iṣẹ́ tí ẹ̀dá bá ń ṣe ló ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i, ìṣe kọ̀ọ̀kan lè dé 100 nígbà náà, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 700 lọ. RuneScape, tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan láti ìdílé Gower gbé jáde ní 2001, fún iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpele 99. Póìntì 13,034,431 ni ìpele 99 ń béèrè, ẹni tó bá sì dé ìpele 92 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà ni. EVE Online láti Iceland, ní 2003, kò béèrè ìjà kankan: ẹ̀dá ń kẹ́kọ̀ọ́ nìṣó kódà bí eléré rẹ̀ bá pa kọ̀ǹpútà tó lọ sùn.

Ìsinmi tó di èrè

World of Warcraft ló dín ìyà kù. Ẹni tó bá kú nínú rẹ̀ kò pàdánù póìntì. Ẹ̀mí rẹ̀ á sáré láti itẹ́ òkú lọ bá ara rẹ̀, àtúnṣe ìhámọ́ra ló kàn máa náwó lé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ránni sì pọ̀ débi pé ẹnì kan lè dá rìn láti 1 dé 60 láìwá ẹgbẹ́. Nígbà náà, bó bá dé 40, ó lè ra ẹṣin tàbí ẹranko gígùn mìíràn, owó rẹ̀ àti ti ẹ̀kọ́ gígùn sì tó wúrà 100, tí ọ̀pọ̀ eléré fi ń ṣọ́ná fún ọjọ́ pípẹ́.

Ṣáájú kí géèmù náà tó jáde, àwọn tó ṣe é fẹ́ kí eléré máa sinmi. Nígbà ìdánwò, wọ́n ní kí póìntì ẹni tó bá ti pẹ́ lórí rẹ̀ já sí ìdajì. Àwọn tó ń dán an wò bínú gidigidi. Rob Pardo, ọ̀kan nínú àwọn olórí iṣẹ́ náà, ti sọ ní gbangba ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n sọ ìdajì náà di póìntì gangan, wọ́n sì sọ ohun tó jẹ́ gangan tẹ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì fún ẹni tó bá ti sinmi nílé àlejò. Iye náà kò yí padà, ṣùgbọ́n àwọn eléré yọ̀ sí i. Ní China, ní 2007, ìjọba fi òfin ṣe ohun tí àwọn eléré kọ̀: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó bá gbá géèmù kọjá wákàtí 3 á gba ìdajì èrè, bó bá kọjá wákàtí 5 kò ní gba nǹkan kan.

Nígbà tí ọ̀nà di ohun títà

Bí géèmù ṣe ń gbilẹ̀, àsìkò di ọjà. Ní China, àwọn ọ̀dọ́ ń gba owó oṣù láti máa wa wúrà inú géèmù, tàbí kí wọ́n bá olówó gbé ẹ̀dá rẹ̀ gòkè lọ́sàn-án lóru. Wúrà wọn ń dé ọwọ́ àwọn eléré Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin géèmù lòdì sí i.

Àwọn tó ni géèmù náà sì ń fi òkè kún òkè. Àfikún kọ̀ọ̀kan sí World of Warcraft ń gbé ìpele gíga jù lọ sókè: 70 ní 2007, 80 ní 2008, 85 ní 2010, títí ó fi dé 120 ní 2018. Ẹni titun á wo òkè náà, á sì rí i pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jìnnà. Nítorí náà wọ́n ń dín póìntì tí àwọn ìpele ìsàlẹ̀ ń béèrè kù. Ní 2008 wọ́n gbé aṣọ àti ohun ìjà tó ń dàgbà pẹ̀lú ẹ̀dá jáde, àti oríṣi jagunjagun kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 55. Ní 2014, Blizzard, ilé iṣẹ́ tó ṣe World of Warcraft, fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpele 90 ní dọ́là 60. Wọ́n ní àwọn fi owó náà ga kí làálàá àwọn tó rìn ín má baà dòfo.

Àwọn tó rà á dé òkè, wọ́n sì bá ojú ìwé tó kún fún àmì idán tí wọn kò mọ ìgbà tí wọ́n ń lo èyíkéyìí nínú wọn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó gba ìpele 1 dé 20 kọjá ti gba idán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kú rí.

Ní 2020, Blizzard tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Wọ́n rẹ ìpele 120 sílẹ̀ di 50, wọ́n fi 60 ṣe òkè titun, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìpele ti wà tí kò fún ẹ̀dá ní ohunkóhun. Wọ́n tún dá erékùṣù kan sílẹ̀ fún ẹni titun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ìpele 1 dé 10.

Àwọn tó fẹ́ ìyà náà padà

Kò pẹ́ tí ọ̀nà náà rọrùn tán ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èyí tó le. Ní 2013, RuneScape ti 2007 padà dé nítorí ìbò àwọn eléré. Ní 2014 ni wọ́n fi irú ẹ̀dá kan kún un tí kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣòwò, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá rí nìkan ló ní. Ní August 2019, World of Warcraft ti àtijọ́ náà padà, pẹ̀lú kobold rẹ̀, ẹṣin rẹ̀ olówó ńlá, àti ọ̀nà gígùn rẹ̀. Àwọn eléré fúnra wọn wá fi òfin ikú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kún un: ẹ̀dá tó bá kú, ó kú náà nìyẹn. Ní August 2023, Blizzard ṣí sáfà fún òfin yìí. Ohun tí MUD ń ṣe ní Essex ti tún di ohun tí ènìyàn ń fi ìfẹ́ inú yàn.

Ọ̀nà méjèèjì ló wà báyìí fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bó bá ní ẹgbẹ́ tó ti ń dúró dè é lókè, kó sanwó kó fò ó, kó sì múra láti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn tó ti mọ̀ ọ́n. Bí kò bá ní, kó rìn ín: àárín ìpele 1 sí 20 ni wọ́n ti ń fi ìdí iṣẹ́ hàn ọ́, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti dín owó jù.