Ọkọ̀ Elééfín, Rélùwéè àti Ọ̀nà Lọ́kọ́jà

Odò ló bí Lọ́kọ́jà. Ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé ni ìlú náà wà, lẹ́sẹ̀ Òkè Pàtí, nítòsí àwọn Owórò tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá. Kí rélùwéè tó dé, ojú omi ni òyìnbó tó bá ti etíkun ń bọ̀ máa ń gbà.

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ elééfín mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, wọ inú Odò Ọya. Samuel Ajayi Crowther wà lára àwọn èrò inú wọn. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá, ọba Ígálà, láti fi dá oko àwòṣe sílẹ̀ nítòsí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, ṣùgbọ́n ibà ló lé wọn padà. Òyìnbó tó kú kò kéré rárá, oko náà kò sì pẹ́ tó fi tú ká. Nígbà tí dókítà òyìnbó kan, William Balfour Baikie, darí ọkọ̀ Pleiad gòkè ní 1854, ó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní oògùn ibà kuníìnì lójoojúmọ́, òyìnbó kan ṣoṣo kò sì kú. Kuníìnì yìí ló ṣí odò náà sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ funfun, ju ìbọn lọ. Ní 1857 ọkọ̀ rẹ̀ kejì, Dayspring, fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Lẹ́yìn náà ni Baikie wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà, ó sì sọ ibẹ̀ di ọjà.

Ìrìn àjò ọkọ̀ elééfín kì í ṣe ìgbafẹ́. Odò ló ń pàṣẹ. Lásìkò òjò, omi kún, ọkọ̀ ńlá ń rìn geerege. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yanrìn á yọrí láàárín odò, ọkọ̀ á sì há. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń lo ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí àgbá kẹ̀kẹ́ tó ń tì í wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á sì máa dúró létí bèbè kó igi ìdáná. Epo pupa, òrí àti eyín erin ń lọ sísàlẹ̀. Iyọ̀ àti aṣọ ń gòkè bọ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1900, ní Lọ́kọ́jà, wọ́n sọ àsíá ilé iṣẹ́ òwò Royal Niger Company kalẹ̀, wọ́n sì ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Lugard, di olórí Àríwá. Ní 1902 ó fẹ́ akọ̀ròyìn Flora Shaw ní Madeira, tọkọtaya náà sì gòkè wá sí Zungeru, tó ti di olú-ìlú Àríwá. Àwọn tó ń mú àlejò gun Òkè Pàtí a máa sọ pé orí òkè náà ni Flora ti wo odò tó fi sọ orílẹ̀-èdè ní Nàìjíríà. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n kò bá ọdún mu: inú ìwé ìròyìn The Times ti ọjọ́ kẹjọ oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1897 ni ó ti dábàá orúkọ náà, kó tó di ìyàwó Lugard rárá.

Rélùwéè ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odò. Iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Gómìnà Àríwá, Percy Girouard, ní tirẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé odò: ó la ojú irin láti Baro, tó wà lókè Lọ́kọ́jà létí odò kan náà, lọ sí Kánò láàárín 1907 sí 1911. Ọgbọ́n náà kò pẹ́ tó fi di òfo. Ní 1912 àwọn ojú irin méjèèjì pàdé ní Minna, afárá Jẹ́bà sì parí ní 1916. Ẹ̀pà Kánò lè wọ rélùwéè tààrà dé Èkó. Baro rọ, Lọ́kọ́jà náà rọ.

Ojú irin tó wá sún mọ́ Lọ́kọ́jà nígbẹ̀yìn kì í ṣe ti èrò níbẹ̀rẹ̀. Ní 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tó ti Ìtakpẹ́ lọ sí Wàrri, láti máa fi kó òkúta irin lọ sí ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta àti Aládjà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọjá kí wọ́n tó ṣí i, ní oṣù Ọ̀wẹ̀wẹ̀ 2020, òun sì ti ń kó èrò báyìí. Kò wọ Lọ́kọ́jà síbẹ̀síbẹ̀: ará ìlú náà tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ mọ́tò dé Ìtakpẹ́.