Eré Ogun Òru Kan ní Kàdúná

Ọ̀rẹ́ mi kan lo ọdún mélòó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà dé pẹ̀lú ìfẹ́ eré kan tí wọ́n ń pè ní airsoft. Ìbọn tí wọ́n fi ń ṣe é jọ ti ṣọ́jà gan-an, àmọ́ ọta kékeré tí a fi ike ṣe ló ń yìn, mìlímítà 6 péré ni ìbú rẹ̀. Àwọn ará Japan ló dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, nítorí òfin wọn kì í jẹ́ kí ará ìlú ní ìbọn gidi bó ṣe wù ú. Èyí tó wọ ọ̀rẹ́ mi lọ́kàn jù ni ti òru. Àwọn òṣèré á pín sí ọ̀wọ́ méjì, olùṣètò á fún wọn ní ìtàn ogun kan, bóyá afárá tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà tàbí ọ̀gá ọ̀tá tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú, wọ́n á sì wà nínú igbó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lórí ilẹ̀ oko bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìlú Kàdúná. Ó ní kí n bá òun kọ ìtàn náà, ṣebí ìwé kíkọ ni iṣẹ́ mi.

Mo jókòó láti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lọ́kàn: Damisa.

Damisa ni àwọn Hausa ń pe ẹkùn. Ní January 1966, òun ni orúkọ ìdánrawò ogun kan tí wọ́n ń ṣe lóru ní Kàdúná. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ ni Méjọ̀ Chukwuma Nzeogwu, olùkọ́ àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun níbẹ̀. Ọmọ Ìgbò láti Okpanam ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Hausa dáadáa, orúkọ ìlú náà sì di orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn ọmọ ogun ń kọ́ bí a ṣe ń jà nínú òkùnkùn. Fún ọjọ́ mélòó kan, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á jáde ní bárékè pẹ̀lú ìbọn, wọ́n á sì padà wọlé. Ojú àwọn èèyàn mọ́ ọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. A máa ń rò pé kọ̀rọ̀ ni ìdìtẹ̀ ń gbé. Gbangba ni Nzeogwu gbé tirẹ̀ sí. Ó ní orúkọ, ó ní àlàyé, ẹni tó bá sì rí ṣọ́jà nínú igbó láàárín òru ti ní ìdáhùn lẹ́nu kó tó béèrè: ìdánrawò ni.

Ọjọ́ Ẹtì, January 14, nínú oṣù Ramadan, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá wá sí Kàdúná láti kìlọ̀ fún Sàdáúnà Ahmadu Bello pé nǹkan ń bọ̀. Ó padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Ní òru yẹn, àwọn ọmọ ogun tún jáde fún Damisa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé eré àná náà ni. Inú igbó ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n wá ṣe gan-an, ọta gidi sì ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ní 1967, oṣù díẹ̀ kó tó kú, Nzeogwu sọ fún oníròyìn kan pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ló láǹfààní láti yẹra, pé àwọn ló ní ọta, òun kò gbé ìbọn, wọn ì bá yìnbọn pa òun bí wọn kò bá fẹ́. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣọ́jà kékeré kan, nínú igbó, lóru, níwájú ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́: irú yíyẹra wo nìyẹn?

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti pa Sàdáúnà àti ìyàwó rẹ̀, Hafsatu. Wọ́n pa Bìrìgédíà Samuel Adémúlẹ́gun, ọmọ Oǹdó, pẹ̀lú Látífátù aya rẹ̀, nínú ilé wọn. Wọ́n pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Ṣódẹ̀indé. Ní Ìbàdàn, wọ́n ti pa Akíntọ́lá. Ní Èkó, wọ́n ti jí Tafawa Balewa gbé. Ìyókù, láti July ọdún náà dé òpin ogun ní 1970, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Mo kọ èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Inú bí i. Ó ní èmi náà, kò sí ohun tí n kì í sọ di ìtàn. Ó ka òfin eré tirẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gbà pé òfin gidi ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo èèyàn á péjọ, wọ́n á gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n á fi ẹ̀rọ wọn bí ọta ìbọn kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára tó. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bọ́ ohun tó fi bo ojú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni bá pariwo rẹ̀, eré dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ọta bá bà á gbé ọwọ́ sókè fúnra rẹ̀, á tan iná pupa, á sì kúrò níbẹ̀. Nínú òkùnkùn, kò sí adájọ́ tó lè rí i. Òótọ́ inú rẹ̀ ni wọ́n gbára lé. Ṣọ́jà Damisa kò ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí.

Àwọn tó wà nínú eré nìyẹn o. Àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó náà ńkọ́? Ní March 28, 2022, àwọn agbébọn kọ lu ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Àbújá sí Kàdúná, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó èèyàn lọ. Ní irú àyíká bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá rí ọ̀dọ́ 30 tó dira ogun nínú oko lóru kò ní dúró bi wọ́n bóyá ike ni ọta wọn. Á sá, tàbí kó yìnbọn.

Òfin ìjọba pàápàá kò rọ̀. Òfin ìbọn ti 1959 ka ìbọn alátẹ́gùn mọ́ àwọn tó ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Àwọn aṣọ́bodè sì kọ ìbọn pélébé alátẹ́gùn sínú ẹrù tí kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá, lórí ìwé kan náà tí wọ́n kọ owó ẹyọ sí. (Ohun tí owó ẹyọ ṣe fún wọn, ẹ bá mi bi wọ́n.)

Mo ní kó kọ́kọ́ lọ rí ọlọ́pàá àti olórí abúlé tó wà nítòsí oko náà kí n tó kọ ohunkóhun. Ó lọ rí olórí abúlé. Bàbá náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó tẹ́tí sí gbogbo àlàyé rẹ̀, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ọta ike. Lẹ́yìn náà ló bi í pé: bí àwọn ará abúlé bá ti mọ̀ pé eré ni, báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ ní òru tí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Ọ̀rẹ́ mi ní òun ń bọ̀ wá fún un lésì. Ó ti tó oṣù méjì báyìí. Ìtàn tí mo bẹ̀rẹ̀ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi, kò ju ojú ewé kan àbọ̀ lọ, n kò sì tíì fún un lórúkọ.