Ẹni Tí Ó Lẹ́rú Ni Ó Lẹ́rù

Ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù: báyìí ni àwọn baba wa wí láyé ìgbà tí a ń ra ènìyàn lọ́jà, nítorí pé bí ó ti wù kí ẹrú lágbára tó, bí ó ti wù kí iṣẹ́ oko rẹ̀ yọrí tó, gbogbo ohun tí ó bá kó jọ, olówó rẹ̀ ni í ni ín. Òwò ẹrú ti kásẹ̀ nílẹ̀, òwe náà kò kú. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí ó sì ń san owó oṣù akọ̀ròyìn, a máa fẹ́ kí ìròyìn jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Láti ìgbà tí àlùfáà Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ọmọ Lísàbí ní 1859 ni ìwé ìròyìn ilẹ̀ wa ti ń fi ohùn olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé ní 1949, ìwé náà sì di agbẹnusọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Daily Times, tí ó ti ń jáde láti 1926, bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ó ni ìwé ìròyìn Mirror ti London ní 1947. Nígbà tí ó sì di 1975, ìjọba ológun gba ìpín 60 nínú 100 rẹ̀, ẹnu tí ì bá máa bá ìjọba wí sì di ẹnu tí ìjọba ń bọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọdún 1992 ni ó yẹ kí a tẹjú mọ́ jù lọ. Ìwé àtìgbàdégbà African Concord, ti Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, tú àṣìṣe ìjọba Ọ̀gágun Babangida síta. Àwọn agbófinró sì ti ilé iṣẹ́ Concord pa. Oníṣòwò tí ọwọ́ ìjọba lè tẹ̀ níbi púpọ̀ ni Abíọ́lá, kò sì lè gbójú agan sí aláṣẹ. Olóyè ní kí olóòtú African Concord, Báyọ̀ Ọ̀nànúga, tọrọ àforíjì. Ó kọ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì dá ìwé àtìgbàdégbà tiwọn, TheNEWS, sílẹ̀ ní 1993.

Níhìn-ín ni agbára òwe náà mọ. Akọ̀ròyìn kì í ṣe ẹrú. Òótọ́ tí ó sì rù, ti ará ìlú ni, olówó ẹ̀rọ kàn bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá mú ìwé ìròyìn lọ́wọ́ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ni ín, kí ó sì ka ti ẹlòmíràn mọ́ ọn, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.