Ọwọ́ Òsì tí Ó Ń Júwe: Ìtàn Òfin Ọwọ́ nínú Ìmọ̀ Iná àti Òòfà

Ní ọdún 1820, Hans Christian Ørsted ṣàkíyèsí ní Copenhagen pé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì a máa yí nígbà tí iná mànàmáná bá ń ṣàn nínú wáyà tí ó wà nítòsí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà kò súnmọ́ wáyà, kò sì sá fún un. Ńṣe ni ó fẹ́ dábùú rẹ̀. Irú agbára bẹ́ẹ̀ ṣòro láti fi ẹnu lásán ṣàlàyé, nítorí pé ìhà mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ pọ̀: ìhà tí iná ń ṣàn sí, ìhà tí pápá òòfà kọjú sí, àti ìhà tí agbára ń tì sí. Èyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ wá ìrànlọ́wọ́ lára ènìyàn.

Ní Paris, lọ́dún kan náà, André-Marie Ampère ní kí a fojú inú wo ẹnì kan tí ó nà gbọọrọ lórí wáyà, kí iná gba ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, kí ó sì gba orí rẹ̀ jáde. Bí ó bá kọjú sí abẹ́rẹ́ náà, apá òsì rẹ̀ ni ẹnu àríwá abẹ́rẹ́ yóò yí sí.

John Ambrose Fleming, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní University College London ní 1885, sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ìka mẹ́ta ọwọ́ òsì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dábùú èkejì. Ìfábẹ̀lá, èyí tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò, ń tọ́ka sí ìhà pápá òòfà. Ìka àárín ń tọ́ka sí ìhà ìṣàn iná. Àtàǹpàkò sì ń fi ìhà agbára hàn. Ẹni tí ó bá kọjú sí àríwá ní Ìbàdàn, níbi tí pápá òòfà ilẹ̀ ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, lè dán an wò: bí iná bá ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn, òkè ni àtàǹpàkò yóò kọjú sí.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń ṣàn? Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà ayé Benjamin Franklin, ni a ti pín iná sí pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù, tí a sì gbà pé ti pọ́sítíìfù ni ìṣàn ń tẹ̀lé. Ní 1897, ní Cambridge, J. J. Thomson fi òòfà darí ìtànṣán inú ìgò, ó sì fi hàn pé èérún onínẹ́gẹ́tíìfù ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí a wá ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nítorí náà, bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ń lọ sí ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn ni ìka àárín gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ìsàlẹ̀ sì ni agbára yóò tì í sí. Ká ní orúkọ méjèèjì ti yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ọwọ́ ọ̀tún ni à bá máa lò. Àdéhùn ènìyàn ni ó yan ọwọ́. Ìṣẹ̀dá kò yàn án.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ó fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní físíìsì. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà inú orúkọ ìka ni a fi ń rántí ohun tí ìka ń tọ́ka sí. Lẹ́tà wọ̀nyẹn kò ṣeé túmọ̀, a kò sì nílò wọn: ènìyàn Ampère kò ní lẹ́tà kankan lára. Ohun tí ó yẹ kí a gbé wọ inú èdè wa ni ètò ìka àti àdéhùn tí ó wà nídìí rẹ̀. Ní ti ọwọ́ tí a ó lò, Yorùbá ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ pé òsì gan-an ni Fleming fi júwe agbára kò ní í tètè gbàgbé.