Akọ̀wé Ọkàn: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Àkọ́kọ́ nínú Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìṣègùn

1. Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa iná mànàmáná. Ìdáhùn mi kò gùn. Iṣẹ́ tiwa ni láti bèèrè bí ọ̀rọ̀ kan ti ṣe di àkọsílẹ̀: ta ni ó kọ ọ́, kí ni akọ̀wé fi kún un, kí ni ó yọ kúrò nínú rẹ̀, báwo ni a sì ṣe lè mọ ohun tí ẹlẹ́nu sọ gan-an? Ìbéèrè kan náà ni ó wà ní ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹlẹ́kitirọ́níìkì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn. Ọkàn ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sílẹ̀, dókítà ń kà á. Bí akọ̀wé bá purọ́, aláìsàn ni yóò jìyà rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́sẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀kọ́ kéékèèké tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ fò kọjá kí ó lè tètè dé ibi ẹ̀rọ ńláńlá, àwọn gan-an ni ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́.

2. Àríyànjiyàn tí ó bí ẹ̀kọ́ náà

Ní ọdún 1791, Luigi Galvani ní ìlú Bologna ní ilẹ̀ Ítálì tẹ ìwé jáde nípa ohun tí ó rí lára ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ti kú, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta nígbà tí irin oríṣi méjì bá kàn án. Galvani gbà pé iná wà nínú ara ẹranko. Alessandro Volta ní ìlú Pavia kò gbà fún un. Ó ní irin méjèèjì ni ó ń bí iná náà. Inú àríyànjiyàn yìí ni bátìrì àkọ́kọ́, tí Volta kéde ní ọdún 1800, ti jáde. Bí a bá wò ó dáadáa, olúkúlùkù wọn ni ó di apá kan òtítọ́ mú: iná wà nínú ara, irin oríṣi méjì nínú omi iyọ̀ pẹ̀lú sì ń bí iná.

Ní ọdún 1827 ni Georg Simon Ohm, ará Jámánì, gbé òfin rẹ̀ jáde. Ó ní bí agbára tí ń ti iná bá ti pọ̀ tó ni ìṣàn rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, bí ìdínà bá sì ti pọ̀ tó ni ìṣàn yóò ṣe dín kù tó. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń há òfin yìí sórí. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó ṣàlàyé ìdí tí a fi ń fi ìpara oníyọ̀ tútù sí awọ aláìsàn kí a tó lẹ wáyà mọ́ ọn: awọ gbígbẹ jẹ́ ìdínà ńlá, ọ̀rọ̀ ọkàn kò sì lè ráyè gba ibẹ̀ kọjá.

3. Akọ̀wé tí ó ń lọ́ra

Ní ọdún 1887, Augustus Waller ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ́kọ́ ya àwòrán iná ọkàn ènìyàn láìla àyà rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó lò ní mẹ́kúrì nínú ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó ń gòkè, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí iná bá ti ń yí padà. Ṣùgbọ́n mẹ́kúrì wúwo, kò yá ẹsẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí ìlà ti yọ ṣóńṣó, ńṣe ni ó máa ń rọra wó lulẹ̀.

Willem Einthoven, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Leiden ní ilẹ̀ Họ́lándì, kò gba àkọsílẹ̀ náà gbọ́ bí ó ti rí. Ohun tí ó ṣe kò ṣe àjèjì sí àwa onímọ̀ lítíréṣọ̀. Bí ẹ̀dà ìwé àtijọ́ kan tí ó kún fún àṣìkọ bá tẹ̀ wá lọ́wọ́, a ó kọ́kọ́ mọ ìwà akọ̀wé náà àti irú àṣìṣe tí ó máa ń ṣe, a ó sì ti ibẹ̀ padà sí ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Einthoven ṣe. Ó wọn bí mẹ́kúrì ti ń lọ́ra tó, ó fi ìṣirò tún ìlà náà ṣe, nígbà tí ó sì di ọdún 1895, ó fi lẹ́tà P, Q, R, S àti T sọ àwọn òkè àti kòtò ìlà tí ó tún ṣe lórúkọ. Orúkọ wọ̀nyí ni àwọn dókítà ṣì ń pè é títí di òní.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá akọ̀wé tí ó yára. Ẹ̀rọ tí ó kéde ní ọdún 1901 ní okùn kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ gidigidi, tí a fi fàdákà bò, tí a sì ta sí àárín irin òòfà ńlá. Iná ọkàn ń mú okùn náà mì, ìmọ́lẹ̀ sì ń gbé òjìji rẹ̀ sórí ohun ìyàwòrán. Ẹ̀rọ náà wọn nǹkan bí 270 kílógíráàmù. Ènìyàn 5 ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Aláìsàn a sì ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ inú omi iyọ̀. Nígbà tí okùn yà á tán, ìlà tí ó yà bá èyí tí ìṣirò ti sọ tẹ́lẹ̀ mu. Ní ọdún 1924 ni a fún Einthoven ní ẹ̀bùn Nobel.

4. Ohùn kékeré nínú ariwo ọjà

Iná ọkàn tí ó ń dé orí awọ kò ju nǹkan bí ìpín 1 nínú 1,000 fólìtì. Iná ilé wa jẹ́ 230 fólìtì, ara ènìyàn sì ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ bí wáyà rédíò, àní bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun. Nítorí náà, mímú kí ohùn ọkàn ròkè nìkan kò tó. Gbohùngbohùn tí a gbé sí àárín ọjà kì í ṣe ojúsàájú: yóò gbé ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sókè, yóò gbé ariwo ọjà náà sókè pẹ̀lú.

Ọgbọ́n tí a dá ni pé kí ẹ̀rọ gba wáyà méjì láti ibi méjì lára, kí ó yọ ti ọ̀kan kúrò nínú ti èkejì. Ariwo iná ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí méjèèjì, nítorí náà yóò pa ara rẹ̀ rẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkàn kò dọ́gba níbẹ̀, nítorí náà òun ni yóò ṣẹ́kù. B. H. C. Matthews ní Cambridge wà lára àwọn tí ó gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde ní ọdún 1934. Àyọkúrò tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ni, kò sì sí ilé ìwòsàn òde òní tí kò lò ó.

5. Nígbà tí ẹ̀rọ dá ọkàn lóhùn

Títí dé ibi tí a dé yìí, akọ̀wé ni ẹ̀rọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn ní aṣíwájú ìlù tirẹ̀, ibì kan kékeré ní apá òkè ọ̀tún rẹ̀, tí Arthur Keith àti Martin Flack ṣàwárí ní ọdún 1907. Bí omele bá dákẹ́, ìyáàlù a ṣìnà. Bí ọ̀nà tí àṣẹ ibi kékeré yìí ń gbà bá dí, lílù ọkàn a falẹ̀ títí a fi dákú tàbí kí a kú.

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, Wilson Greatbatch ní Buffalo ní Amẹ́ríkà ń ṣe ẹ̀rọ tí yóò gba ohùn ọkàn sílẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú àpótí láti mú rẹ̀sísítọ̀ 10,000 ohm. Ti 1,000,000 ohm ni ó mú. Ẹ̀rọ náà ta iná lẹ́ẹ̀kan wéré, ó dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tún ta. Ìdí rẹ̀ kò ju òfin Ohm lọ. Kàpásítọ̀ dà bí ìkòkò tí a ń pọn omi kún: bí ìdínà ẹnu ọ̀nà bá di ìlọ́po 100, àkókò tí ìkòkò yóò fi kún náà yóò di ìlọ́po 100. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Greatbatch wo ẹ̀yìn, ó sì mọ̀ pé ìlù ọkàn ni òun ń gbọ́. Ní ọdún 1960 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ara ènìyàn.

Ní Minneapolis, Dókítà C. Walton Lillehei ń dí ihò inú ọkàn àwọn ọmọdé. Ẹ̀rọ tí ń ran ọkàn wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń gba iná láti ara ògiri. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1957, iná lọ káàkiri ìlú náà, ewu tí ó wà nínú gbígbẹ́kẹ̀lé iná ògiri sì hàn kedere. Lillehei ké sí Earl Bakken, tí ó máa ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe. Bakken rántí àwòrán ẹ̀rọ kan tí ìwé ìròyìn Popular Electronics ti tẹ̀ jáde ní ọdún 1956: ẹ̀rọ oní-tíránsítọ̀ méjì tí àwọn olórin fi ń ka ìlù. Ó yí i padà, ó fi bátìrì kékeré sí i, ó sì kó o sínú àpótí tí aláìsàn lè fi kọ́ ara. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún olórin di omele fún ọkàn ọmọdé.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1958, ní ilẹ̀ Sweden, oníṣẹ́ abẹ Åke Senning fi ẹ̀rọ tí Rune Elmqvist ṣe sínú ara Arne Larsson. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn kò pẹ́ tí ó fi bàjẹ́, a sì ń pààrọ̀ rẹ̀ fún un léraléra. Ṣùgbọ́n Larsson wà láàyè títí di ọdún 2001, ó sì pẹ́ láyé ju ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà àti ẹni tí ó fi í sí i lára lọ.

6. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà

Ẹ̀rọ tí ó lè jí ọkàn lè pa á pẹ̀lú. Fún ohun èlò tí ó kan ọkàn gan-an, òfin àgbáyé sọ pé iná tí ń jò láti ara rẹ̀ sí aláìsàn kò gbọdọ̀ ju ìpín 10 nínú 1,000,000 áǹpù lọ nígbà tí ẹ̀rọ náà wà ní pípé. Ìwọ̀nba yìí kéré débi pé ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ní òun fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kò sì gbọn òun, kò tíì yẹ ohunkóhun wò. Òfin Ohm àti ohun èlò ìwọ̀n nìkan ni ó lè jẹ́rìí. Ẹni tí ó gé wáyà ilẹ̀ kúrò nítorí pé ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ láìsí i, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ó fi ta tẹ́tẹ́.

7. Ìgúnlẹ̀

Einthoven kò lè kọ́ ayé ní ohun tí ó rí títí ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí láti ọdún 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé èdè wa lè gba ìmọ̀ yìí. Kò di dandan kí a tú gbogbo orúkọ. Rẹ̀sísítọ̀ lè máa jẹ́ rẹ̀sísítọ̀. Ohun tí ó di dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi èdè tí ó fi ń ronú ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì, àti fún ìyá aláìsàn, ìdí tí wáyà kan fi gbọdọ̀ wà níbi tí ó wà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe kánjú kọjá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Akọ̀wé ọkàn ni ẹ ó jẹ́, àkọsílẹ̀ yín ni dókítà yóò sì gbẹ́kẹ̀ lé kí ó tó gbé ọ̀bẹ.