Àjà Ilé Àwọn Baba Wa

Ẹni tí ó bá gbójú sókè ní Gáréèjì Ìkòròdú lónìí, páànù ni yóò rí lórí ilé. Láyé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ tí ó nípọn ni àwọn baba wa fi ń mọ ògiri, koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé. Lábẹ́ òrùlé náà, wọn a to igi, wọn a sì rẹ́ amọ̀ lé e: àjà nìyẹn. Bí iná bá mú koríko, àjà kì í jẹ́ kí ó tètè dé inú yàrá. Bí oòrùn bá mú, yàrá a tutù.

Nígbà tí òwò Èkó gbèrú lẹ́yìn ọdún 1861, páànù gba ipò koríko. Ẹ̀rù iná dínkù, ṣùgbọ́n páànù a máa gbóná bí ìkòkò orí ààrò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kọ́lé onípáànù láìṣe àjà. Fáànù ni a wá gbára lé. Ní 1985, ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹgbìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agbègbè Ìkòròdú kan náà. 1,320 megawatt ni a kọ́ ọ fún. Síbẹ̀ iná kì í dúró, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti gbówó lórí gan-an láti 2023.

Àwọn kan ti gbé sólà sórí òrùlé. Ó dára, ṣùgbọ́n bí ilé kò bá ní àjà, fáànù ni yóò jẹ iná náà tán. Kí onílé kọ́kọ́ ṣe àjà, kí ó sì jẹ́ kí fèrèsé kọjú síra wọn, kí ó tó ra ẹ̀rọ. Ohun tí à ń wá lọ sí Ṣókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.