Ilé Kan ní Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìwé Inú Rẹ̀

Àwọn àgbà máa ń wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Òótọ́ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n àrọ́bá a máa yí padà láti ẹnu dé ẹnu. Ẹni tí ó gbọ́ ọ lónìí yóò bu iyọ̀ díẹ̀ sí i kí ó tó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ìwé tí a kọ ní ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Iná, òjò àti ikán nìkan ni ó lè pa á lẹ́nu mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí á jọ sọ̀rọ̀ nípa ilé kan ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tí a ti pa irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá ti dé Ṣágámù, ìlú tí àwọn ará Rẹ́mọ láti ìletò púpọ̀ kóra jọ tẹ̀ dó ní 1872, Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí yín mọ́. Ibẹ̀ ni a bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, 1909. Ibẹ̀ náà ni ó kú sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, 1987, ibẹ̀ ni ibojì rẹ̀ sì wà. Ilé rẹ̀ tí àlejò ń wá wò ni a ń pè ní Ẹfúnyẹlá Hall. Ẹfúnyẹlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ilé ìkàwé tí ìwé àti fáìlì rẹ̀ wà ń jẹ́ Ṣópólú, orúkọ bàbá rẹ̀.

Ẹ kíyè sí orúkọ bàbá yìí. Àgbẹ̀ ni David Ṣópólú, ó sì tún ń la pákó. Nígbà tí ó kú ní nǹkan bí 1920, ọmọ rẹ̀ kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Láti ìgbà náà ni ọmọ yìí ti ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀, tí ó ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kékeré, kí ó tó lè rí owó ilé-ìwé san. Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó sì ṣòwò. Nínú gbogbo rẹ̀ ó ń kàwé nílé ara rẹ̀ fún ìdánwò Yunifásítì London, títí ó fi gba oyè B.Com. ní 1944. Ọdún yẹn náà ni ó lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ìwé rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀ṣọ́ ilé olówó ni. Bí ọkọ́ ti rí fún àgbẹ̀ ni ìwé rí fún ọkùnrin yìí.

Ọ̀pọ̀ àlejò, ohun tí ó lò sára ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ rí. Kò burú. Fìlà rẹ̀ àti awò ojú rẹ̀ ni gbogbo Nàìjíríà fi mọ̀ ọ́n, àwòrán rẹ̀ sì wọ ara owó ₦100 ní 1999. Ṣùgbọ́n bí a bá bi fìlà léèrè ọ̀rọ̀, kò lè dá wa lóhùn. Ìwé ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù Kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1954 àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé lé ní 450,000. Ní 1955 wọ́n ti lé ní 800,000. Ìtàn yìí dùn, gbogbo wa ni a sì ń pa á. Àrọ́bá kì í sábà rántí owó orí tí a gbé lé àwọn ènìyàn lórí kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Ó bí wọn nínú, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Alákùkọ ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Ohun tí a ń yìn lónìí, àwọn kan bú u nígbà náà. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìgbà náà ni yóò mọ ohun tí ó ná wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn olólùfẹ́ Awólọ́wọ̀ lè má fẹ́ gbọ́. Ilé kan kò lè sọ gbogbo ìtàn. Ohun tí onílé kó jọ ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ní 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ẹni tí ó gba ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù Kẹsàn-án 1963, ilé-ẹjọ́ rán Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, pé ó dìtẹ̀ sí ìjọba. Oṣù Kẹjọ 1966 ni ó jáde. Àwọn kan ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni, àwọn mìíràn ní ẹ̀bi rẹ̀ ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó yẹ kí á lè rìn dé ilé àwọn tí ó wà ní ìhà kejì, kí á ka ìwé tiwọn náà.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí wẹ́tìẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹwàá 1965, wọ́n da epo sí ilé àwọn ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ún, ní Rẹ́mọ àti ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀mí ṣòfò, èyí ni ó tóbi jù. Ohun tí a kì í kà mọ́ òfò náà ni pé bí ilé bá jó, lẹ́tà, fọ́tò, rìsíìtì àti ìwé ìpàdé inú rẹ̀ a jó pẹ̀lú. Onílé pàdánù òrùlé rẹ̀, ó tún pàdánù ẹ̀rí tí ọmọ rẹ̀ ì bá fi gbèjà rẹ̀ lọ́la. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn ọdún wọnnì yóò bá ìwé níhà kan, yóò bá eérú níhà kejì. Ẹ̀bi ilé Ìkẹ́nnẹ́ kọ́ ni èyí. Ọwọ́ àwọn tí ó ṣẹ́ná sí ilé ni ẹ̀bi náà wà.

Ilé kì í dá tọ́jú ara rẹ̀. Hannah Ìdòwú Dídèolú, aya Awólọ́wọ̀ láti 1937, gbé lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìkẹ́nnẹ́ ni ó wà títí ó fi kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án, 2015, nígbà tí ó ku oṣù méjì péré kí ó pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí obìnrin yìí bá ti ilẹ̀kùn ní 1987 tí ó sì bá ti ẹ̀ lọ, ikán ni ì bá ka ìwé wọ̀nyí kí onítàn tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ lọ wo ilé náà bí ẹ bá rí àyè, kí ẹ mú àwọn ọmọ yín dání. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá padà délé, ẹ wo orí àjà àti inú àpótí àwọn òbí yín. Rìsíìtì owó orí, káàdì ìrìbọmi, ìwé ilẹ̀, lẹ́tà ọmọ tí ó wà ní ìdálẹ̀, ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ èsúsú: ẹ má ṣe fi wọ́n dáná, ẹ má sì fi wọ́n di àkàrà. Ẹ nù wọ́n, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè, kí ẹ sì gbé wọn kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Ọmọ agbẹ́rọ́kọ̀ kan ní Ìkẹ́nnẹ́ kó ìwé jọ, ó sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ tí ń la pákó sọ ibẹ̀. Bàbá tiyín náà ní orúkọ.